Bíréèkì olóòfà lórí roller coaster: ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ń kọ́ roller coaster kan, ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń sáré gun òkè tó sì ń já wálẹ̀ lórí réèlì, nítòsí ibi tí mò ń gbé, mo sì máa ń yà wò ó. Láìpẹ́ yìí mo rí i pé wọ́n ti to àwọn pẹlẹbẹ pupa kan sáàárín réèlì níbi tí eré ọkọ̀ yóò ti dín kù. N kò rí páàdì, n kò rí ọ̀pá afẹ́fẹ́, n kò sì rí wáyà iná kankan tó lọ síbẹ̀. Wọ́n ní bíréèkì olóòfà ni. Báwo ni òòfà ṣe fẹ́ mú ọkọ̀ tó ń já bọ̀ láti òkè láì fọwọ́ kàn án? Bí iná bá lọ ńkọ́? Bí òòfà náà bá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan ńkọ́? Mo tún rí i tí wọ́n ń dán ọkọ̀ wò láìsí èèyàn nínú rẹ̀. Bó ṣe dé ibi bíréèkì náà, ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í rá pálá bí ẹni tí kò fẹ́ dé ilé. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn? Àwọn ọmọ mi ti ń ka ọjọ́ tí wọn yóò gùn ún."

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ wo iṣẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè mẹ́rin ló wà nínú lẹ́tà yín, ṣùgbọ́n àníyàn kan ṣoṣo ló bí gbogbo wọn: ẹ ò rí ohun tó di ọkọ̀ mú, ọkàn yín ò sì lè balẹ̀ sí ohun tí ojú yín ò rí. Àníyàn tó tọ́ ni. N óò sì ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìfura yín kò jìnnà sí òótọ́. Bíréèkì olóòfà irú èyí kò lè di ọkọ̀ mú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti gba eré lára ọkọ̀. Ohun mìíràn ló ń dá ọkọ̀ dúró pátápátá, ìgbà tí òòfà bá sì ti ṣe tirẹ̀ tán ni ìyẹn ń wọlé. Ẹni tí ìyàtọ̀ yìí bá yé, ìyókù ọ̀rọ̀ náà kò ní le fún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èrò kan kúrò lọ́nà. Bí a bá ti gbọ́ òòfà, ohun tó máa ń wá síni lọ́kàn ni bó ṣe ń fa ìṣó àti abẹ́rẹ́ mọ́ra, a ó sì rò pé ńṣe ni òòfà náà ń fa irin ọkọ̀ títí eré rẹ̀ á fi kú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bàbà ni àwọn pẹlẹbẹ pupa tí ẹ rí yẹn, òòfà kì í sì í fa bàbà. Ẹ gbé òòfà tó lágbára gan-an lé bàbà lórí, kò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn bá ń sá kọjá lára èkejì ni nǹkan máa ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1824, ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, François Arago, ṣàkíyèsí pé bí àwo bàbà bá ń yí lábẹ́ abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì, abẹ́rẹ́ náà á máa bá àwo ọ̀hún yí. Ọ̀rọ̀ náà rú àwọn ọ̀mọ̀wé lójú títí di 1831, nígbà tí Michael Faraday fi hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bí òòfà bá ń sún mọ́ bàbà tàbí tó ń jìnnà sí i, iná mànàmáná á máa ṣàn nínú bàbà náà. Ní 1834, Heinrich Lenz sọ ibi tí iná yẹn máa ń kọjú sí: ìgbàkígbà ló máa ń ta ko ohun tó bí i. Nígbà tó di 1855, Léon Foucault ṣàlàyé pé àwo bàbà tí a bá ń yí láàárín ẹnu òòfà méjì máa ń le láti yí, ó sì máa ń gbóná. Bíréèkì orí réèlì yẹn kò ní àṣírí kankan ju ìwọ̀nyí lọ.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyí. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé orí réèlì lẹ ti rí pẹlẹbẹ, abẹ́ ọkọ̀ ni òòfà wà. Ìlà méjì ni wọ́n ń to òòfà sí, wọ́n kọjú síra, àlàfo tín-ín-rín kan sì wà láàárín wọn. Bí òòfà àkọ́kọ́ bá kọ ojú àríwá rẹ̀ sí àlàfo, èyí tó tẹ̀ lé e á kọ ojú gúúsù, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa pààrọ̀ ara wọn títí dé òpin. Nígbà tí ọkọ̀ bá dé, pẹlẹbẹ bàbà á gba inú àlàfo yẹn kọjá láì kan ohunkóhun. Bàbà tí ń bẹ lójú kan á rí àríwá, á rí gúúsù, á tún rí àríwá, wìrìwìrì, iná mànàmáná á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí po nínú rẹ̀. Iná tó ń yí po yìí á sọ bàbà fúnra rẹ̀ di òòfà fún ìgbà díẹ̀, òòfà tuntun yìí ló sì ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí wáyà. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fi eré ara rẹ̀ pèsè iná tó ń dá a lọ́wọ́ kọ́. Bí iná bá lọ ní gbogbo agbègbè, bí kọ̀ǹpútà bá kú, bí kò bá sí òṣìṣẹ́ kankan nídìí ẹ̀rọ, bíréèkì yìí kò ní mọ̀, á ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bákan náà. Ní tèmi, ìdí pàtàkì tí a fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyí, kì í ṣe pé ó rọra ń ṣe é tí kò ja èrò jìgìjìgì.

Ó ti pẹ́ tí ayé ti mọ ìlànà yìí, àmọ́ òòfà tó lágbára tó láti mú ọkọ̀ tó kún fún èèyàn kò tètè wọ́pọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ṣàwárí òòfà tí a fi neodymium, irin àti boron pò pọ̀, tó lágbára púpọ̀ tí kò sì nílò iná. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọwọ́ àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ ìgbafẹ́ tó o. Millennium Force, roller coaster tí wọ́n ṣí ní ọgbà ìgbafẹ́ Cedar Point ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2000, ga ní nǹkan bíi mítà 94, ó ń sá bíi kìlómítà 150 ní wákàtí kan, bíréèkì olóòfà ló sì ń gba eré lára rẹ̀ nígbà tó bá ń parí ìrìn.

Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ wọ́ omi tó mù ún dé ìbàdí rí mọ bí agbára yìí ṣe rí. Bó bá fẹ́ sáré, omi á dènà rẹ̀ gidigidi. Bó bá ń rọra lọ, omi náà á rọra. Bó bá dúró, omi ò mú un mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, òòfà kò kọjá lára bàbà, iná kò ṣàn, agbára kò sí. Ẹ lè fi ọwọ́ ti ọkọ̀ tó wà láàárín bíréèkì olóòfà, yóò sì lọ, díẹ̀díẹ̀. Ohun tí mo ṣe sọ pé kò lè di ọkọ̀ mú nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò sí i, torí pé inú ìṣirò ni ohun tó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ yìí wà. Ká ní ọkọ̀ àti èrò inú rẹ̀ jọ wúwo tọ́ọ̀nù 10, tó sì ń sá mítà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn kìlómítà 108 ní wákàtí kan. Níwọ̀n ìgbà tí eré kò bá tíì kọjá ààlà kan tí n óò sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́, bí eré ọkọ̀ bá ṣe tó ni agbára bíréèkì ṣe máa ń tó: eré ìlọ́po méjì, agbára ìlọ́po méjì. Ohun tó ń tìdí èyí yọ ni pé mítà kọ̀ọ̀kan nínú bíréèkì ń gba iye eré kan náà, yálà ọkọ̀ ń fò tàbí ó ń rìn. Ká ní ó ń gba eré mítà 0.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lára ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 10 wa ní mítà kọ̀ọ̀kan. Bíréèkì tó gùn ní mítà 100 á gba 20, ọkọ̀ tó fi 30 wọlé á fi 10 jáde. Ẹ wá sọ èrò kalẹ̀, kí ọkọ̀ náà ku tọ́ọ̀nù 8. Agbára kan náà yóò gba 0.25 lára rẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi 5 péré jáde. Bíréèkì kan náà, eré ìwọlé kan náà, síbẹ̀ eré tí ọkọ̀ tó kún fi jáde jẹ́ ìlọ́po méjì ti èyí tó ṣófo. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ti ọkọ̀ tó kún lẹ́yìn tó fi 32 wọlé, 12 ni yóò fi jáde. Bíréèkì olóòfà kò ní ojú tó fi ń wo ọkọ̀, kò mọ̀ pé èyí ti yá jù. Iye tí a ti kọ́ mọ́ ọn ló ń yọ, kò dín, kò lé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn, àti àwọn kan tó ń ta ẹ̀rọ pàápàá, máa ń sọ pé òòfà ń tún ara rẹ̀ ṣe, pé ọkọ̀ tó bá yá jù ló ń dènà jù, nítorí náà gbogbo ọkọ̀ á jáde bákan náà. Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Lórí réèlì tó tẹ́jú, ìyàtọ̀ tó wọlé ni yóò jáde. Ohun tó ń pa ìyàtọ̀ rẹ́ ni kí a jẹ́ kí réèlì dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ń fa ọkọ̀ síwájú tí òòfà ń tì í sẹ́yìn, eré ọkọ̀ á máa dín kù títí agbára méjèèjì yóò fi dọ́gba, á sì dúró lórí eré kan tí kò ní kúrò níbẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, bí réèlì bá fi mítà 3 lọ sílẹ̀ nínú mítà 100, ọkọ̀ tó kún á fìdí kalẹ̀ sórí nǹkan bíi mítà 1.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó ṣófo á fìdí kalẹ̀ sórí bíi 1.2, tí a bá yọ ìdènà táyà kúrò. Ìlọ́po méjì ti di ohun tí ojú lásán kò fi bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ rántí ọkọ̀ tí ẹ rí tó ń rá pálá: ó ṣófo, bóyá ibi tó dàgẹ̀rẹ̀ ló sì wà. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Bó bá fi agbára sáré jáde níbẹ̀ ni ǹ bá bẹ̀rù.

Ààlà tí mo ní n óò sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé agbára bíréèkì kì í pọ̀ sí i títí láé. Bí eré bá ti kọjá ibì kan, iná inú bàbà á pọ̀ débi pé òòfà tirẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ti agbára òòfà abẹ́ ọkọ̀ jáde kúrò nínú bàbà, agbára ìdádúró á sì máa lọ sílẹ̀ bí eré ṣe ń lọ sókè. Nítorí náà, ọkọ̀ tó bá wọlé ní eré tó ga ju ibẹ̀ lọ kò ní rí ìdádúró tó pọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Bí eré rẹ̀ bá ṣe ń dín kù ni yóò máa rí i tó ń le sí i, tí yóò dé góńgó, tí yóò tún wá dẹ̀. Nínípọn pẹlẹbẹ àti ohun tí wọ́n fi ṣe é ló ń sọ ibi tí góńgó yẹn wà. Bàbà tó nípọn, tí iná ń ṣàn nínú rẹ̀ fàlàlà, dára fún eré tó kéré. Alumíníọ̀mù tàbí bàbà tí wọ́n po nǹkan mìíràn mọ́, tí iná kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láti ṣàn nínú wọn, dára fún eré tó pọ̀. Lórí ẹ̀rọ tó ń sáré gan-an, ẹ lè rí pẹlẹbẹ oríṣi méjì lójú réèlì kan náà: àwọn kan níwájú fún ìgbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, bàbà pupa lẹ́yìn fún ìgbà tí eré ti wálẹ̀. Ẹ tún wo àyè tó wà láàárín wọn. Nínú àpẹẹrẹ wa, 0.2 ní mítà kọ̀ọ̀kan lára ọkọ̀ tó ń sá 30 túmọ̀ sí pé èrò á fi agbára tó jẹ́ bíi ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ìwúwo ara wọn tẹ̀ síwájú. Bí a bá sọ ọ́ di 0.5 láti ẹnu ọ̀nà, á di ìlọ́po kan àtààbọ̀ ìwúwo wọn, ohun tó ń ṣekú pa inú dídùn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí pẹlẹbẹ iwájú fi máa ń fọ́n ká, tí ti ẹ̀yìn á sì ṣù pọ̀.

Kí ẹ má gbàgbé ooru. Eré kì í ṣòfò, ńṣe ló ń di ooru nínú pẹlẹbẹ. Agbára tó wà nínú eré ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 10 wa tó mílíọ̀nù 4.5 joule, èyí tó lè mú kí omi tútù bíi lítà 13 dé ojú híhó. Bí bàbà tó gbà á bá wúwo kìlógíráàmù 300, ìgbóná rẹ̀ á fi nǹkan bíi 39 lọ sókè lórí òṣùwọ̀n Celsius nínú ìwọlé kan ṣoṣo. Kò burú, afẹ́fẹ́ á fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ mìíràn bá ti dé kí bàbà tó tutù, ooru á gorí ooru. Bàbà tó gbóná kì í jẹ́ kí iná ṣàn bíi ti tẹ́lẹ̀: dígírì kọ̀ọ̀kan ń fi nǹkan bíi ìdá 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún kún ìdènà rẹ̀, nítorí náà dígírì 39 yẹn nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 16. Nígbà tí eré bá kéré, ìyẹn túmọ̀ sí bíréèkì tó dẹ̀ ju ti òwúrọ̀ lọ. Ẹni tó bá dán ẹ̀rọ wò lẹ́ẹ̀kan ní òwúrọ̀ tútù pẹ̀lú ọkọ̀ òfìfo, tó wá sọ pé bíréèkì dára, kò tíì dán ohunkóhun wò.

Èyí ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ ìkọ́lé, èyí tí mo rò pé ó yẹ kí àwọn èèyàn máa béèrè jù. Bíréèkì onípáàdì, bí nǹkan bá fẹ́ yíwọ́, a ṣì lè fún un le sí i. Olóòfà kò ní bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti wọlé, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ tẹ̀. Gbogbo ìpinnu ti wáyé ní ọjọ́ tí wọ́n ń de síkúrù: iye pẹlẹbẹ, nínípọn wọn, bí àlàfo òòfà ṣe fẹ̀ tó, bí pẹlẹbẹ ṣe jìn wọnú àlàfo náà tó. Bí àlàfo bá fẹ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, agbára á já wálẹ̀. Bó bá sì fún jù, ọkọ̀ tó ń mì lórí táyà rẹ̀ lè mú kí òòfà ha pẹlẹbẹ. Bàbà rọ̀, ó sì máa ń wú bó bá gbóná, nítorí náà a gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún un níbi tí wọ́n ti dè é, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò tẹ̀. Níbi iṣẹ́, mo ti rí sípánà tó fò kúrò lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó sì lẹ̀ mọ́ òòfà kí onítọ̀hún tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìka tó bá wà láàárín kò ní yè. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ nínú àyà kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀ rárá. Ohun kan sì wà tí àwọn tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí kì í rò: eruku irin. Ibi ìkọ́lé ni, wọ́n ń gé irin, wọ́n ń lọ irin, wọ́n ń jó irin pọ̀. Eruku tó ń ti ara rẹ̀ jáde á fò lọ lẹ̀ mọ́ òòfà bí irùngbọ̀n, á dí àlàfo, á sì máa ha pẹlẹbẹ. Bí ẹ bá rí ọ̀rá tàbí aṣọ tí wọ́n fi bo òòfà nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, ẹ mọ̀ pé àwọn tó mọṣẹ́ ló wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìdánwò. Ọkọ̀ òfìfo ló ń kọ́kọ́ lọ, wọ́n á wá kó àwọn ère onírọ́bà tí a rọ omi kún sórí ìjókòó, kí ìwúwo lè dà bíi ti èèyàn. Wọ́n á tún fi omi sí apá kan kí apá kejì ṣófo. Táyà tuntun àti gírísì tuntun máa ń le, ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sáré lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó bá ti rìn púpọ̀ tí gbogbo nǹkan sì ti gbóná, eré á pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan kan. Ojú ọjọ́ náà ń kó tirẹ̀ ṣe. Nítorí náà, ìgbà méjì tó le jù la máa ń wá: ọkọ̀ tó kún, tó gbóná, tó ń tẹ̀ léra lemọ́lemọ́, kí a mọ̀ bóyá bíréèkì á gba eré tó, àti ọkọ̀ tó ṣófo, tó tutù, tí afẹ́fẹ́ ń dojú kọ, kí a mọ̀ bóyá kò ní gba eré jù débi tí ọkọ̀ kò ní lè dé ibi tó ń lọ. Nínú ìdánwò wọ̀nyí ni wọ́n ti ń yọ pẹlẹbẹ kan, tí wọ́n ń fi òmíràn kún un, tí wọ́n ń gbé wọn sókè tàbí wálẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n tún ń tú ohun tí wọ́n ti dè, ẹ má rò pé wọ́n ṣàṣìṣe. Ìlànà ASTM F2291 ní Amẹ́ríkà àti EN 13814 ní Yúróòpù jẹ́ ara àwọn ìwé òfin tí àwọn tó ń yàwòrán irú ẹ̀rọ báyìí ń tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n ìwé kò lè bá ẹnikẹ́ni yọ pẹlẹbẹ. Ọwọ́ àti ojú àwọn tó wà lórí réèlì ló ń ṣe ìyẹn.

Kí ló wá ń dá ọkọ̀ dúró? Ẹ wo iwájú díẹ̀ síbi tí pẹlẹbẹ parí sí. Ó yẹ kí ẹ rí táyà kéékèèké tí mọ́tò ń yí, tó ń ti abẹ́ ọkọ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Táyà wọ̀nyí ni wọ́n ń gba ọkọ̀ tó ń rá pálá, wọ́n ń mú un dúró, wọ́n sì ń gbé e lọ síbi tí èrò á ti sọ̀ kalẹ̀. Níbòmíràn, páàdì ni wọ́n ń lò: sípíríìngì tàbí afẹ́fẹ́ tí kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ ti fún pọ̀ ló ń mú kí páàdì di irin abẹ́ ọkọ̀ mú. Ibí yìí ni kọ̀ǹpútà ti wúlò. Wọ́n pín réèlì sí apá bíi mélòó kan, ọkọ̀ méjì kò sì gbọ́dọ̀ wà nínú apá kan lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọkọ̀ iwájú kò bá tíì kúrò, ohun kan gbọ́dọ̀ wà tó lè dá ti ẹ̀yìn dúró pátápátá, kó sì dì í mú fún bó ṣe wù kó pẹ́ tó. Òòfà nìkan kò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ti ṣe kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀: bí eré bá ti lọ láti 30 sí 5, ìdá kan péré nínú mẹ́rìndínlógójì agbára tó wà nínú ọkọ̀ ló ṣẹ́ kù. Páàdì tàbí táyà tó bá gba ìyẹn kò ní ṣe wàhálà, kò sì ní tètè jẹ.

Bí ẹ bá ní kí n yàn, méjèèjì pọ̀ ni n óò yàn, òòfà fún iṣẹ́ ńlá, páàdì tàbí táyà fún dídi ọkọ̀ mú. Páàdì nìkan ní àǹfààní tirẹ̀: sẹ́ńsọ̀ lè wọn eré ọkọ̀ kí kọ̀ǹpútà sì pinnu iye tó yẹ kó gbà, yálà ọkọ̀ kún tàbí ó ṣófo. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ, ó ń pariwo, omi òjò ń yí bó ṣe ń dì mú padà, ó sì nílò àbójútó ojoojúmọ́. Òjò kò yọ òòfà lẹ́nu, kò sí ohun tó ń jẹ lára rẹ̀, àmọ́ owó rẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sì rọrùn láti yí èrò padà lẹ́yìn tí a ti kọ́ ọ tán. Àwọn kan ń lo pẹlẹbẹ tó lè dìde kó sì rẹlẹ̀. Top Thrill Dragster, nígbà tó kọ́kọ́ ṣí ní Cedar Point lọ́dún 2003, ni àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù. Nígbà yẹn, wọ́n máa ń ta ọkọ̀ rẹ̀ síwájú dé bíi kìlómítà 193 ní wákàtí kan kó lè gun òkè tó ga ní mítà 128. Nígbà mìíràn eré kì í tó, ọkọ̀ á sì yí padà bọ̀ wá sí ibi tó ti gbéra. Nítorí náà wọ́n to pẹlẹbẹ sójú réèlì ìtasíwájú náà: wọ́n á rẹlẹ̀ kí ọkọ̀ lè kọjá, wọ́n á sì tún dìde lẹ́yìn rẹ̀, kó lè jẹ́ pé bó bá ń bọ̀ padà, wọ́n ti wà níbẹ̀ dè é. Níbi tí irú ohun báyìí bá wà, ìlànà tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré ni pé bí iná tàbí afẹ́fẹ́ bá tán, ipò ìdádúró ni kí pẹlẹbẹ padà sí.

Ní ti kí òòfà rẹ̀, ọjọ́ orí nìkan kò tó ohun tó yẹ kí ẹ máa bẹ̀rù. Òòfà neodymium tí wọ́n tọ́jú dáadáa kì í pàdánù agbára tó ṣe gúnmọ́ nítorí pé ọdún ń gorí ọdún. Ọ̀tá rẹ̀ ni ooru àti omi. Oríṣi tó wọ́pọ̀, bí ìgbóná rẹ̀ bá kọjá nǹkan bíi 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù agbára tí kò ní padà wá bó bá tutù. Àwọn oríṣi mìíràn wà tó lè fara da jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó wọn sì ga. Omi á mú kó dípẹtà, kó sì fọ́ wẹ́wẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kun ún tàbí tí wọ́n fi ń dà á bò pẹ̀lú nickel. Ibi tí àwọ̀ bá ti bó ni kí àwọn tó ń ṣàbójútó máa wá. Ẹ̀rọ kékeré kan sì wà tó ń wọn agbára òòfà, tí wọ́n lè fi yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó tún dára ni pé bíréèkì yìí kì í dédé kú. Òòfà púpọ̀ ló jọ ń ṣe é. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ìyókù wà níbẹ̀, ọkọ̀ á sì máa jáde ní eré tó ga díẹ̀ ju ti àná lọ. Sẹ́ńsọ̀ tó ń ka eré ìjáde á rí i kí èèyàn tó rí i, tí àwọn tó ni ẹ̀rọ náà bá ń kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́, tí ẹnìkan sì ń kà á.

Ẹni tó dúró lẹ́yìn ọgbà kò lè fi ojú wo pẹlẹbẹ kó sọ bóyá ó tó tàbí kò tó. Àwòrán iṣẹ́ àti èsì ìdánwò nìkan ló lè sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ráyè bá ẹnìkan lára àwọn tó ń kọ́ ọ sọ̀rọ̀, ẹ bi í ní ohun méjì. Ẹ bi í pé kí ni yóò di ọkọ̀ mú bó bá ti kọjá pẹlẹbẹ tó gbẹ̀yìn, bí iná bá sì lọ ní àkókò yẹn gan-an, ṣé ohun náà á dì í mú tàbí á tú u sílẹ̀. Ẹ tún bi í pé ṣé wọ́n ti fi ọkọ̀ tó kún fún omi sáré tẹ̀ léra fún wákàtí tó pọ̀ nígbà tí oòrùn mú, àti pé eré wo ni ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn fi jáde ní ìfiwéra pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Bó bá dá yín lóhùn pẹ̀lú òǹkà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ka ọjọ́ wọn lọ. Bó bá ní kí ẹ má ṣèyọnu, pé òòfà kì í kùnà, ẹ ní kí ó mú ẹnjiníà tó wà nídìí ìdánwò wá bá yín.